Bàtà Tó Kọ́kọ́ Dé

Bí aránṣọ náà ti wọ ọgbà iléeṣẹ́ tí wọ́n ń kó ìwé àwọn ológun pamọ́ sí, bẹ́ǹṣì ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Bàtà ọ̀hún náà ló tún wà níwájú.

"Irú ìyà wo tiẹ̀ nìyí?" ó ń kùn.

Níbẹ̀, ẹni tó bá dé á fi nǹkan gba àyè sórí bẹ́ǹṣì, á wá lọ jókòó síbi tó tutù. Àpò ni, agboòrùn ni, fìlà ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fo ti ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe lè tètè dé tó, bàtà sójà kan ṣoṣo yìí á ti ṣíwájú rẹ̀, ẹrẹ̀ tútù lára rẹ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn gangan. Kò rí ẹni tó ni ín rí.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ kúkú gbé ẹní wá," dẹ́rẹ́bà àgbà kan tó ń wá ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Kí ẹ̀yin náà gbé ìrọ̀rí bọ̀, Bàbá."

Ẹ̀rín kò dénú rẹ̀. Nítorí pé ojoojúmọ́ ló ń wá síbí, àwọn oníbàárà ti ń fi ìbínú gba aṣọ wọn padà láìrán. Oyún rẹ̀ wà nínú ìyá rẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ sójú ogun. Bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan ni wọ́n gbé wálé. Ní báyìí tí àìsàn dá ìyá gúnlẹ̀, ó ní òun kò ní kú láìmọ ibi tí wọ́n sin ọkọ òun sí. Ìwé ogun bàbá nìkan ló lè sọ ọ́. Láàárọ̀ yìí, ìyá tún ní kí ó nu bàtà òsì náà dán, kí ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣe é, ó gbà pé ibà ló ń sọ̀rọ̀.

Akọ̀wé ṣí fèrèsé. "Ẹni tó ni bàtà!"

Kò sẹ́ni tó dìde. Síbẹ̀, akọ̀wé tẹ orí sílẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn títí wọ́n á fi pa fèrèsé dé.

Ó sú aránṣọ. Ó já bàtà náà gbà lórí bẹ́ǹṣì. "Ta ló ni ín? Kó jáde, kí n fojú rí i!"

Ọwọ́ rẹ̀ wọ inú bàtà. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Àjákù aṣọ aláró ni wọ́n fi ṣe okùn rẹ̀, wọ́n ta á ní kókó méjì. Ó mọ aṣọ náà. Ara ìró ìyá rẹ̀ ni. Irú rẹ̀ gan-an ló wà lára bàtà ilé.

Dẹ́rẹ́bà ṣí fìlà lórí.

"Ẹ rọra, màmá," akọ̀wé wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bàbá tó ni bàtà yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ni. Wọ́n ti dá àwa náà lágara. Ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́: ibo ni ìyàwó àwọn kó lọ? A ò mọ̀ ọ́n, àfi òní tí mo rí àdírẹ́sì nínú ìwé tí ẹ̀yin kọ sí wa."

"Ẹ sì fún wọn?"

"Mo fún wọn. Wọ́n ní kí ẹ bá àwọn gbé bàtà yẹn bọ̀, pé èkejì rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà."

Aránṣọ wo ilẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà, tó kún fún ẹrẹ̀, tò láti fèrèsé dé géètì, ó sì yà sọ́nà ilé wọn.

Ó há bàtà náà mọ́ abíyá, ó jáde.