Adágún Òṣíbàtà ní Yábàá

Tiwalọlá ń gbé ní Yábàá pẹ̀lú ìyá àgbà rẹ̀, tó ń pè ní Màmá. Lówùúrọ̀ Sátidé kan, ó tètè jí. Ó wẹ̀, ó sì wọ bàtà.

"Màmá, ṣé a ti ń lọ?"

"A ti ń lọ, ọmọ mi."

Wọ́n fẹ́ lọ wo òdòdó òṣíbàtà lórí adágún tó wà ní ọgbà ìgbafẹ́.

Ó ti pẹ́ tí Màmá ti ṣèlérí. Bí òjò bá rọ̀, Màmá á ní, "Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Bí ẹsẹ̀ bá ń ro Màmá, "Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Lónìí, wọ́n ń lọ. Màmá ń sọ̀rọ̀ lọ́nà.

"Kí n tó bí ìyá rẹ ni wọ́n ti gbẹ́ adágún yẹn. Etí ibẹ̀ lèmi àti bàbá àgbà rẹ ti ya fọ́tò ìgbéyàwó wa. Ibẹ̀ náà ni ìyá rẹ ti kọ́kọ́ rí ọ̀pọ̀lọ́. Ó sunkún títí."

Tiwalọlá rẹ́rìn-ín.

Wọ́n dé ẹnu ọgbà. Gbìì! Gbìì!

Katakata ńlá kan ń ti yanrìn sínú adágún. Wọ̀ọ̀! Yanrìn wọlé. Wọ̀ọ̀! Omi tán.

Òṣíbàtà dà? Tiwalọlá ò rí ẹyọ kan.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yẹ̀kínnì ló ń wa katakata náà. Nígbà tó rí wọn, ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Wọ́n ní ẹ̀fọn ti pọ̀ jù níbí. Wọ́n ní ká dí i."

Màmá rọra jókòó sílẹ̀.

"Ǹ bá ti mú ọ wá," ni Màmá wí. "Tiwa, ǹ bá ti mú ọ wá tipẹ́."

Tiwalọlá di Màmá lọ́wọ́ mú. Ó wo òkìtì ẹrẹ̀ tí katakata kó jáde. Nǹkan kan tutù yọ̀yọ̀ níbẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí nìyẹn?"

Yẹ̀kínnì fà á. Fàà! Gbòǹgbò ni, pẹ̀lú ewé kékeré kan.

"Òṣíbàtà ni. Máa mú un lọlé."

Nílé, Màmá kó ẹrẹ̀ sínú báfù. Tiwalọlá da omi sí i. Jàà!

Láràárọ̀, ó ń wò ó. Kò sí nǹkan kan. Kò sí nǹkan kan.

Ewé tuntun yọ. Òmíràn tún yọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òdòdó funfun kan là, pẹ̀rẹ̀!

"Màmá, ṣé bó ṣe rí níbẹ̀ nìyí?"

"Bó ṣe rí nìyí. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, wọ́n pọ̀ débi pé o ò ní rí omi."

"Ó wù mí kí n rí i."

"Ó wu èmi náà kí o rí i."

Màmá fà á mọ́ra. Wọ́n jókòó ti báfù náà, títí ẹ̀kọ àárọ̀ wọn fi tutù.