Ohùn Ìyá Àgbà Nínú Àpótí Ìdílé

Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀ ní Ita-Djèbou, Ìyá Àgbà Victorine a jókòó sábẹ́ igi ọsàn, a dijú bí ẹni ń tòògbé, a sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Arlette, ọmọ ọmọ rẹ̀, a máa gba ohùn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́. Ohùn náà tutù, ó rọ̀. Nígbà míì Arlette kì í mọ̀ bóyá ìtàn lòun ń gbọ́ ni, àbí àlá lòun ń lá.

Àmọ́ ẹ wá gbọ́ àṣìṣe o! Nílé wọn, ohun iyebíye kì í gbé ìta. Inú àpótí ìdílé ni wọ́n ń kó o sí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sì ń ṣí i, lọ́jọ́ tí gbogbo ọmọ ilé bá kóra jọ jẹ àgbàdo tuntun. Lọ́jọ́ náà ni Arlette da ohùn ìyá kọ sínú kílé, nǹkan kékeré tí wọ́n ń ki bọ kọ̀ǹpútà lára, ó sì fi sínú àpótí.

"Ó di ọdún tó ń bọ̀," ló wí.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ìyá àgbà kú. Wọn ò tíì parí ìsìnkú tí kọ̀ǹpútà fi kọ̀, tí kò tàn mọ́. Arlette gun zémidjan, alùpùpù akérò, ó di Sakété, lọ́dọ̀ Pacôme tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́," ni Pacôme wí. "Ohun tó wà nínú rẹ̀ ti lọ. Ṣé ẹ ní àdàkọ?"

"Mo ní! Ti ìgbà àgbàdo tuntun."

"Hà! Oṣù mẹ́jọ ńkọ́?"

Arlette bi í pé: "Èwo ni kí n ti ṣe? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ?"

"Ẹ bi ara yín pé: 'Iṣẹ́ ọjọ́ mélòó ló lè sọnù tí n óo fara dà á?' Bó bá jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa dà á kọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bẹ́ ò bá lè fara da ti ọjọ́ kan, ojoojúmọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ti àgbàdo tuntun, ojoojúmọ́ ni ìyá ń sọ̀rọ̀."

Arlette padà sílé. Léonce ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí àpótí fún un, wọ́n ki kílé bọ kọ̀ǹpútà Léonce. Ohùn ìyá sì jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé ó wà nínú yàrá. Arlette dijú, ó rẹ́rìn-ín.

"Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi," ni ìyá wí. "Lọ́la, n óo ki oríkì ìyá mi fún ọ."

Ibẹ̀ ló parí sí. Ìyá ki oríkì náà lọ́jọ́ kejì lóòótọ́, títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà tó kọ̀ nìkan ni ohùn ọjọ́ náà wà. Arlette ò rántí ju ìlà méjì lọ. Ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ará Sakété, ará Pobè, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Bí ohun tí ẹ ń kó pamọ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni kí ẹ ṣe máa dà á kọ. Kí àdàkọ kan wà nílé, kí òmíràn wà níbòmíràn, kí ẹ sì máa ṣí wọn wò bóyá wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá gba ohùn ìyá rẹ̀ lónìí, kó dà á kọ lónìí.