Jẹnẹrétọ̀ Méjì, Táǹkì Kan

Aránṣọ kan jókòó ti àpótí tó ń mú ọmọ rẹ̀ móoru nílé ìwòsàn. Oṣù ọmọ náà kò pé tí wọ́n fi bí i. Lọ́sàn-án gangan, iná lọ.

"Ìyá Ìkókó, ẹ má foyà," nọ́ọ̀sì ní. "Jẹnẹrétọ̀ méjì la ní."

Wọ́n tan àkọ́kọ́: ó wúkọ́, ó kú. Wọ́n tan èkejì: òun náà wúkọ́, ó dákẹ́. Ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Nọ́ọ̀sì sáré gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà, ó fi aṣọ bo àwọn méjèèjì. Etí aránṣọ kò kúrò lára èémí ọmọ rẹ̀ títí iná fi dé.

Ọmọ yè. Ìbínú ìyá rẹ̀ ló wá ru sókè. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹnjiníà tó máa ń yẹ ẹ̀rọ wò, wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwòsàn.

"Ta ló rò pé ẹ̀rọ méjì á kú lẹ́ẹ̀kan náà?" ọ̀gá ní. "Àmúwá Ọlọ́run ni."

"Àmúwá Ọlọ́run kẹ̀? Ẹ má fi àìbìkítà yín kọ́ Ọlọ́run lọ́rùn!" aránṣọ ké.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá sí i. "Sà, mo ti ibi ẹ̀rọ yín bọ̀. Táǹkì kan náà ni méjèèjì ti ń mu epo, omi sì ti wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ méjì yín, ẹyọ kan ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iná ṣe lè kú, á bẹ̀rẹ̀ látorí aburú náà, á máa tọ ìdí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń tọ gbòǹgbò igi. Bí nǹkan méjì bá gbọ́dọ̀ bàjẹ́ pọ̀ kí aburú tó dé, ewu kéré. Bí ẹyọ kan bá lè pa méjèèjì, ibẹ̀ ni ikú lúgọ sí. Ìgbà wo lẹ tàn wọ́n kẹ́yìn?"

Ọ̀gá họ orí. "Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Bó bá ṣe ń pẹ́ tí a kò tan ẹ̀rọ wò, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dájú sí i pé ó ti kú sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀."

Aránṣọ na ìka sí ọ̀gá. "Ẹ kò dán ẹ̀rọ wò. Ọmọ mi lẹ fi dán an wò!"

Òun àti àwọn ìyá yòókù tí ọmọ wọn wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀ jókòó dí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn. Wọn ò dìde títí ọ̀gá fi pe ẹni tó máa fọ táǹkì. Kí ọmọ tó kúrò nínú àpótí, jẹnẹrétọ̀ kejì ti ní táǹkì tirẹ̀, wọ́n sì ń tan méjèèjì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá ní méjì ló wà, ẹ béèrè ohun tí méjèèjì jọ gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n dán wọn wò kẹ́yìn. Bí wọ́n bá bínú, ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú. Ẹ̀rọ tó kú ṣeé tún ṣe; ọmọ tó kú kò ṣeé jí.