Ohun Tí Ìyá Ọkọ Ń Rì Mọ́lẹ̀

Ọkùnrin tó jí láàárọ̀, tó fi ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, òun ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, ejò kò bù ú jẹ, kò sì ṣàìsàn rí. Oko tó ń tún gbìn lẹ́ẹ̀kẹta ló ṣubú sí, nígbà tí oòrùn kàn àtàrí.

Kí omijé opó tó gbẹ, ẹnu ayé ti gbà á. Gbogbo oko ìdílé náà ló ń gbẹ lọ́dọọdún, àfi abala kékeré kan lẹ́yìn ilé, tí í ṣe ti ìyá olóògbé. Níbẹ̀, ọkà bàbà dúdú minimini, ẹ̀wà sì ta sábẹ́ rẹ̀. Àkọ́bí ìyá náà gan-an ló kọ́kọ́ pè é ní àjẹ́. Oko-Mímọ́ ni wọ́n ń pe àkọ́bí yìí, ẹ̀gbọ́n olóògbé, nítorí bó bá kórè tán, á kó gbogbo pòròpórò jọ, á dáná sun ún, á sì gbá oko bí ẹni gbá pálọ̀. Ohun tí wọ́n fi ń mọ ọkùnrin tí kì í ṣe ọ̀lẹ nínú ìdílé wọn nìyẹn.

"Màmá, bí òjò bá rọ̀ tí oko wa tún kú, tí tiyín yè, ẹ ó kó jáde nílé yìí."

"Ìwọ tí mo bí? Èmi lo fẹ́ lé?"

"Ẹni tó bímọ, tó tún pa á jẹ ńkọ́?"

Opó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Òun náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí ìyá ọkọ rẹ̀ tó gbé igbá bíbò jáde, ó sì yọ́ tẹ̀lé e. Ìyá kúnlẹ̀ nínú oko rẹ̀, ó da nǹkan dúdú sínú kòtò kékeré, ó fi ewé gbígbẹ bò ó, ó ń dá sọ̀rọ̀. Àwọn ẹyẹ dúdú bà sí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn kò bẹ̀rù rẹ̀ rárá. Orí opó wú.

Nígbà tí ìyá kúrò, ó ki ọwọ́ bọ kòtò náà. Ohun rírọ̀ kan wà níbẹ̀, nǹkan sì ń rìn lábẹ́ ìka rẹ̀.

"Ìyàwó, kí lò ń wá?" Ìyá ti padà, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀yà ara ọkọ mi ni mò ń wá, mà."

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. "Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni. Ikán á wá jẹ ẹ́, á lu ilẹ̀ níhò, omi á sì ráyè wọlé. Mo bẹ ọkọ rẹ títí pé kó má sun pòròpórò mọ́. Ó ní wọn á pe òun ní ọ̀lẹ." Ni ó bá bú sẹ́kún.

Opó kò gbà á gbọ́. Ta ni kò mọ̀ pé ẹnu àjẹ́ máa ń dùn?

Òjò rọ̀ lójijì, ó sì dá kíá. Opó dúró láàárín oko méjèèjì. Lórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀, omi pupa ń sáré lọ, ó ń gbé erùpẹ̀ àti irúgbìn lọ sí kòtò ọ̀nà. Nínú kòtò ìyá, omi dúró, ó sì rọra wọlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ó fi ọkọ́ ṣá ilẹ̀ oko ọkọ rẹ̀. Ọkọ́ ta padà. Ìgbà yẹn ló mọ ohun tí ọkùnrin náà bá jà nínú oòrùn títí ó fi ṣubú. Ó sunkún ju ọjọ́ ìsìnkú lọ.

Nígbà tí oko wọn tún kú, tí ti ìyá yè, Oko-Mímọ́ ju àpótí ìyá rẹ̀ síta lójú gbogbo ẹbí. Opó gbé ọkọ́ síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wa ibi tí àbúrò yín kú sí. Kí gbogbo wa máa wò yín."

Ojú tì í láti kọ̀. Ó ṣá ilẹ̀, ó tún ṣá a, títí èémí fi ń fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ilẹ̀ kò lanu.

"Kò sẹ́ni tó sà sí ilẹ̀ yìí," ni opó wí. "Àwa la sun ún."

"Ẹ ò rí i? Àjẹ́ ti di méjì!"

Oko-Mímọ́ ló kígbe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí kì í bá a jiyàn láé, ló rọra bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpótí náà, ó sì ń gbé e padà wọlé. Oko-Mímọ́ wo àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ lé.