Atukọ̀ Tí Kò Lójú

Ẹni tó bá wù kó gbà á gbọ́, ẹni tó bá wù kó má gbà á. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ojúmọmọ ló ṣẹlẹ̀, ní agbo ilé kan ní Ìkòsì. Àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọmọ jókòó sórí ẹní. Púpọ̀ nínú wọn ṣì wà láyé. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọn ò ní jiyàn. Wọ́n á kàn wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ni.

Ọdún 1977 ni. Hùmúàní ọmọ Ṣùáíbù ló ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọ Agboyi ni, létí odò Ògùn. Bàbá rẹ̀ ló ń fi ọkọ̀ kó èrò àti ẹrù láti Agboyi wá sí èbúté tó wà nísàlẹ̀ Ìkòsì. Ogójì ọdún ló ti ń tukọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ kò dojú dé rí. Bàbá Ṣùáíbù kò mọ̀wé, àmọ́ ó rán ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ sí Yábàá lọ kọ́ṣẹ́ àwòrán yíyà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan l'Ékòó gba Hùmúàní síṣẹ́, bàbá náà gbé agbádá wọ̀. Ó lọ sílé gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: “Wọ́n ti gba ọmọ mi.”

Àwòrán tó ń rìn ni Hùmúàní ń yà, èyí tí wọ́n ń pè ní kàtúùnù. Kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó kọjá lójú tẹlifíṣàn, èèyàn á ti ya àwòrán méjìlá. Orí ike tó mọ́ gaara ló ń yà wọ́n sí, kí káńmẹ́rà tó wá yà wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ya ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹgbẹ̀ta. Oṣù mọ́kànlá ló fi yà á.

Ìtàn atukọ̀ kan ni. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó ń mu ẹmu, ó ń fa tábà, ó ń bá èrò jà lórí omi. Ó dé akẹtẹ̀ ńlá kan tó bò ó wálẹ̀ dé imú. Hùmúàní ò ya ojú fún un. Ojú ò rọrùn-ún yà lọ́nà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Níparí, ọkọ̀ rẹ̀ á rì, akẹtẹ̀ nìkan á léfòó. Lẹ́yìn náà, òun náà á yọ lábẹ́ akẹtẹ̀, á máa bú odò.

Lẹ́yìn ìròyìn aago mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn, lọ́dún tó ṣáájú. Àwọn àgbà ló wò ó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Lọ́jọ́ kejì, ní ibùdókọ̀ Kétu, àwọn ọkùnrin ń sín atukọ̀ náà jẹ, wọ́n ń bú odò bó ṣe bú u. Hùmúàní dúró láàárín wọn. Kò sọ pé òun ni. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí abiyamọ tí wọ́n ń yin ọmọ rẹ̀ níṣojú rẹ̀.

Ìgbà tó yá, òfin tuntun dé.

Ọ̀gá Bartholomew ló pè é. Òun ni olórí ẹ̀ka wọn, àdúgbò Anthony l'Ékòó ló ń gbé.

“Jókòó, Hùmúàní. Wọ́n ní kàtúùnù kì í ṣe ti àgbà mọ́. Ti ọmọdé ni. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, gbogbo Ọjọ́bọ̀.”

“Atukọ̀ mi ńkọ́, sà?”

“Òun náà. Àmọ́ ẹmu á kúrò. Tábà á kúrò. Ìjà á kúrò, èébú á kúrò. A ò ní jẹ́ kó sọ̀rọ̀ rárá. Fèrè la máa fi sí i.”

“Kí ló wá kù, sà?”

“Odò.” Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Kò sì gbọdọ̀ rì. Kì í ṣe nǹkan tí ọmọdé ń wò.”

“Sà, inú ọkọ̀ lọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbà lọ síléèwé lójoojúmọ́. Ta ló wá yẹ kó wò ó jù ú lọ?”

“Èmi kọ́ ni mo ṣòfin. Ẹni tó bá rú u, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ ìwọ.”

Hùmúàní ò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan fíìmù náà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi àlùmọ́gàjí gé ibi tí ọkọ̀ ti rì. Kò ju ogójì ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ó ká a, ó fi í sínú agolo mílíìkì, ó gbé e lọ sí yàrá rẹ̀ ní Ìkòsì. Oṣù mẹ́ta ló fi tún ìyókù yà. Nínú tuntun yìí, atukọ̀ á so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èbúté, á sì juwọ́ sí àwọn èèyàn. Ó mọ́ tónítóní. Ó ṣì ń mú inú rẹ̀ dùn, torí ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde.

Ọjọ́bọ̀ pé. Mummy Adédiwúrà, nọ́ọ̀sì ará Ìjẹ̀bú tó jẹ́ aládùúgbò Hùmúàní, gbé tẹlifíṣàn rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ Agboyi méje ló wà níwájú lórí ẹní. Ìkòsì ni wọ́n ti ń lọ síléèwé. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí títí Bàbá Ṣùáíbù á fi kó wọn lọ sílé. Ajarat, ọmọ ẹ̀gbọ́n Hùmúàní, ló jókòó láàárín wọn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Àwọn àgbà wà lẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì, Bàbá Ṣùáíbù alára wà níbẹ̀ nínú agbádá.

Oòrùn ṣì wà. Adìẹ ń jẹ̀ lágbàlá. Fèrè dún, atukọ̀ yọ.

“Ọmọ mi ló yà á!” Bàbá Ṣùáíbù kígbe. Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́.

Àwọn ọmọ kò pàtẹ́wọ́.

Hùmúàní wo ẹ̀yìn orí wọn. Orí méje. Kò sí èyí tó mì. Nínú tẹlifíṣàn, atukọ̀ ń tukọ̀ lọ jẹ́jẹ́. Ó gúnlẹ̀. Ó so ọkọ̀. Ó juwọ́. Ó parí, bí Hùmúàní ṣe yà á gẹ́lẹ́. Ìpolówó ọṣẹ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ ṣì ń wò. Adìẹ ti dákẹ́. Àwọn méjèèje tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí létí. Wọ́n mi orí. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

“Ajarat,” Hùmúàní pè é. “Ṣó dùn?”

Ajarat yíjú padà. Ara rẹ̀ balẹ̀. “Aunty, kí ló dé tójú ẹ̀ pọ́n tó bẹ́ẹ̀?”

“Ojú ta ni?”

“Atukọ̀. Nígbà tó ṣí akẹtẹ̀.”

“Kò ṣí akẹtẹ̀.”

“Ó ṣí i. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ rì.”

“Ọkọ̀ wo ló rì?”

“Èyí táwa wà nínú ẹ̀.”

Mummy Adédiwúrà dìde, ó pa tẹlifíṣàn.

Hùmúàní sin àwọn ọmọ dé èbúté. Bàbá Ṣùáíbù ti wọnú ọkọ̀, ó ń dúró. Àwọn ọmọ kò wọlé. Wọ́n wo Ajarat. Ajarat wo omi, ó pẹ́ díẹ̀.

“Òní kọ́,” ó wí.

Wọ́n wọlé, wọ́n sì lọ láyọ̀.

Hùmúàní ò lè jẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó gbé agolo mílíìkì náà, ó lọ bá Ọ̀gá Bartholomew.

“Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wo fíìmù àná.”

Ọ̀gá wo ojú rẹ̀. “O dá a padà síbẹ̀, àbí?”

“Mo fi Ọlọ́run búra, sà.”

Wọ́n wò ó. Atukọ̀ gúnlẹ̀, ó so ọkọ̀, ó juwọ́. Wọ́n tún un wò. Kò sí nǹkan kan.

“Àwọn ọmọ tèmi wò ó ní Anthony,” Ọ̀gá wí. “Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Gbé èyí tó o gé kúrò wá, ká sun ún, kí ọ̀rọ̀ tán ńlẹ̀.”

Hùmúàní ṣí agolo. Ó tú fíìmù náà, ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé. Ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún gbé e sókè. Gaara ló mọ́, bí omi òjò. Kò sí odò nínú rẹ̀. Kò sí ọkọ̀. Kò sí atukọ̀.

“Ta ló fọ̀ ọ́?” Ọ̀gá béèrè.

Fíìmù kì í ṣe aṣọ. Àwọn méjèèjì ló mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ sí èbúté. Ajarat wo omi. “Òní kọ́.” Wọ́n wọkọ̀. Ọjọ́ Ajé, ó tún lọ. “Òní kọ́.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, afẹ́fẹ́ ò fẹ́ rárá. Odò náà tẹ́jú bíi dígí. Àwọn ọmọ méje rìn wálẹ̀, wọ́n dúró létí omi. Hùmúàní ń retí ọ̀rọ̀ náà. Kò gbọ́ ọ. Ajarat bọ́ báàgì ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn yòókù bọ́ tiwọn. Wọ́n jókòó sórí iyanrìn.

“Ẹ bọ́ sínú ọkọ̀,” Bàbá Ṣùáíbù wí.

“Rárá, Bàbá,” Ajarat wí.

“Kí lo wí?”

“Òní ni.”

Inú bàbá náà ru. “Ogójì ọdún! Ogójì ọdún, ẹsẹ̀ èrò mi kan ò tutù rí! Ọmọ ọmọ mi ló máa wá sọ pé ọkọ̀ mi ò dáa?”

“Bàbá, ẹ má bínú,” Hùmúàní bẹ̀ ẹ́. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀yin náà, ẹ má lọ.”

Bàbá Ṣùáíbù wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. “Ìwọ náà, Hùmúàní?” Ó ti ọkọ̀ kúrò létí omi, òun àti àpò iyọ̀ mẹ́fà. Kò wẹ̀yìn.

Wọ́n ń wò ó lọ. Ó dé ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà, níbi tí àwọn tó ń wa yanrìn ti gbẹ́lẹ̀ jìn. Àjẹ̀ rẹ̀ wọ omi, ó jáde, ó wọ omi. Ọkọ̀ náà lọ sísàlẹ̀. Kò dojú dé. Kò mì. Ó kàn lọ sísàlẹ̀ ni, bí ìgbà tí ọwọ́ kan fà á. Kò sí igbe. Odò tún tẹ́jú padà.

Nǹkan kan léfòó. Akẹtẹ̀ ńlá ni.

Bàbá Ṣùáíbù kì í dé akẹtẹ̀. Fìlà ló dé jáde lọ́jọ́ náà.

Hùmúàní ti ń pariwo kó tó mọ̀ pé òun ń pariwo. Àwọn tó ń wa yanrìn sáré tukọ̀ lọ. Etí odò, níbi tí eèsún wà, ni wọ́n ti rí bàbá náà, jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ti rì. Ó ń wúkọ́, ó wà láàyè. Nígbà tí wọ́n gbé e dé èbúté, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dì mú.

“Ibẹ̀ jìn,” ó wí. “Ó jìn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ kékeré kan ò lè jáde níbẹ̀.” Ó mí. “Ẹnì kan ló tì mí sókè.”

“Ta ni, Bàbá?”

“Mi ò rójú ẹ̀.”

Wọ́n wá akẹtẹ̀ náà títí. Wọn ò rí i.

Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo Agboyi ti gbọ́. Àwọn abiyamọ tu ọkọ̀ wá sí Ìkòsì. Wọ́n kúnlẹ̀ fún Hùmúàní, òun tó kéré sí wọn. Bàbá Ṣùáíbù ti pàdánù ọkọ̀, àmọ́ ẹni tó bá rí i á rò pé wọ́n fi jẹ oyè ni. “Mo ní ẹ má rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ń rán an lọ sí Yábàá,” ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kí i. “Ọmọ méje! Ọwọ́ ọmọ mi ló yọ wọ́n.” Hùmúàní fẹ́ sọ pé òun ò ya ọmọ kankan sínú ọkọ̀ rí. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Àyà rẹ̀ yọ síta, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń gbé.

Ọ̀gá Bartholomew náà gbọ́. Ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kó tó sọ̀rọ̀.

“Kí ni kí n kọ sínú ìwé tí mo máa fi ránṣẹ́ sókè?”

“Ẹ kọ ọ́ pé ọmọdé ló ń wò ó, sà,” Hùmúàní wí. “Bí òfin ṣe wí.”

Ọ̀gá ò kọ nǹkan kan.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń jẹ Hùmúàní lọ́kàn. Ó pe Ajarat sí kọ̀rọ̀, ó fún un ní gúgúrú.

“Kí ni atukọ̀ sọ fún yín lọ́jọ́ náà, tẹ́ ẹ fi mi orí?”

Ajarat jẹ gúgúrú. Ó ronú. Ó wo àǹtí rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, bí àgbà ṣe ń wo ọmọdé tó béèrè ohun tí kò tíì tó gbọ́.

“Aunty, ó ní kì í ṣe fún àgbà.”

Ọjọ́bọ̀ mìíràn dé. Hùmúàní pẹ́ níbi iṣẹ́. Aago márùn-ún ààbọ̀ ti kọjá díẹ̀ nígbà tó wọ agbo ilé. Mummy Adédiwúrà jókòó síta lórí àpótí, kò wọ bàtà.

“NEPA ti múná lọ látàárọ̀,” ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. “Mi ò tan nǹkan kan o.”

Hùmúàní yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ méje jókòó sórí ẹní, wọ́n kọjú sí tẹlifíṣàn. Ojú rẹ̀ dúdú. Òjìji wọn wà nínú gíláàsì náà. Hùmúàní ò ka iye rẹ̀. Kò fẹ́ kà á.

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni Ajarat bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù tẹ̀ lé e, tọkàntọkàn, pẹ̀lú ayọ̀, bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ṣiṣẹ́ yanjú. Láti ìgbà tó ti ń ya àwòrán, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ báyìí fún iṣẹ́ rẹ̀ rí.

Kò wọlé. Kò sì padà sẹ́yìn. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ àtẹ́wọ́ náà, orí rẹ̀ sì wú. Kò lè sọ bóyá ti ayọ̀ ni tàbí ti ẹ̀rù.