Etí tí Hàlímàt Yà

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ojú mi kòrókòró ni mo fi rí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyókù, ẹni tó ṣojú rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, n kò sì bá irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á. Ẹni tí kò bá gbà, kò burú. Èmi náà ì bá má gbà á, ká ní kì í ṣe pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé mi àti ilé wọn.

Àdúgbò Felele ni à ń gbé nígbà náà. Ilé tuntun ni, wọn kò tíì kùn ún. Ó dojú kọ òkè, ó kẹ̀yìn sí títì Àbújá. Èmi nìkan ni mo wà ní apá kan; iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi wá láti Òṣogbo. Ní apá kejì, Hàlímàt Òkunọlá àti ìyá rẹ̀ ni. Ọmọ Oworo ni wọ́n, láti abúlé kan lórí òkè Agbaja.

Ayàwòrán ni Hàlímàt. Kò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan. Inú yàrá rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ń ṣe géèmù nílẹ̀ òkèèrè. Wọ́n á kọ̀wé sí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé àwọn fẹ́ ẹ̀dá kan tó ń gbé nínú ìràwọ̀ tí kò lómi, kó máa jẹ irin, kó má ní ọrùn. Hàlímàt á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á sì yà á. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fi díẹ̀ nínú wọn hàn mí, mo bi í bóyá wọn kì í bà á lẹ́rù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá mọ ibi tí egungun kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ èkejì, kí ló kù tí yóò bà á lẹ́rù.

Adití ni ìyá rẹ̀. Jẹ̀mílátù lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n Màmá ni mo ń pè wọ́n. Àìsàn kan ló ṣe wọ́n lẹ́yìn ikú ọkọ wọn. Nígbà tí ara wọn yá, etí ti di. Kì í ṣe pé wọ́n ń gbọ́ díẹ̀. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Tírélà á fun fèrè ní títì, gbogbo fèrèsé á gbọ̀n, Màmá kò ní ṣẹ́jú. Ọwọ́ ni Hàlímàt fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn náà á fi ẹnu fèsì lédè Oworo, pẹ̀lú ohùn líle, bí ẹni tó ń pe èèyàn lódìkejì odò, nítorí wọn kò gbọ́ ohùn ara wọn. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ń dín lẹ́nu wọn. Ọjọ́ mìíràn ilẹ̀ á mọ́, ilẹ̀ á ṣú, n kò ní gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn ògiri.

Ní ìgbà ọyẹ́, àwọn kan kọ̀wé sí Hàlímàt. Ó ti yàwòrán fún wọn rí, ṣùgbọ́n géèmù náà kò jáde. Wọ́n ní àwọn ti padà sí i. Wọ́n fẹ́ kó gbé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá àtijọ́ náà jáde, kó tún un yà.

Ó pè mí wá wò ó. Ẹ̀dá inú ayé kan tí oòrùn kì í dé ni. Ó ga, ó rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Awọ rẹ̀ dà bí òkúta pupa orí òkè Agbaja, èyí tí irin wà nínú rẹ̀. Kò lójú. Kò létí. Ẹnu nìkan ló ní, ó sì pa á dé. Hàlímàt ń yínmú sí i. Ó ní wíwo iṣẹ́ àtijọ́ dà bí ìgbà téèyàn bá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú fóònù. Ó ti tún ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, ó ti na ẹ̀yìn rẹ̀ gùn sí i. Ohun tó kù ni èyí tí wọ́n dìídì bẹ̀ ẹ́ fún. Wọ́n fẹ́ kó ní etí. Wọ́n fẹ́ kó máa fi etí wá àwọn tó ń gbá géèmù náà kiri nínú òkùnkùn.

Etí yẹn kò bọ̀rọ̀. Ó ya ti àdán, ó ní ẹ̀fẹ̀ ló jọ. Ó ya ti ewúrẹ́, ó pa á rẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kan, Màmá sùn lórí ẹní ní fàráńdà, wọ́n ti bọ́ yẹtí wọn. Hàlímàt jókòó tì wọ́n. Ó wo etí wọn, ó sì yà á bó ṣe rí: ihò yẹtí tó ti fẹ̀, ibi tó ti ká kò lókè, gbogbo rẹ̀. Ó gbé e sórí ẹ̀dá náà. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò sí àtúnṣe kankan tí òun tún ṣe sí i. Etí náà jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti wà tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Màmá jọ ń ṣa ẹ̀wà ní fàráńdà. Ọjọ́ Sátidé ni. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbé eruku. Màmá dáwọ́ dúró. Wọ́n yí orí sí apá òkè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pè.

“Ta ló ń rìn?” ni wọ́n wí.

Mo wò yíká. Kò sí ẹnikẹ́ni. Mo mi orí sí wọn.

“Ẹnì kan ń rìn. Lórí òkúta.”

Mo pe Hàlímàt. Ó sáré jáde. Ó dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Màmá kò mira. Ó pè wọ́n, wọn kò yíjú. Ó gbé abọ́ irin, ó fi ṣíbí lù ú lẹ́bàá etí wọn gan-an. Kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Màmá ń mi orí jẹ́jẹ́, wọ́n ń fi bá ìró kan lọ tí àwa kò gbọ́.

A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà fi ẹ̀rọ sí wọn létí, ó ní bó ṣe wà náà ló ṣì wà. Etí méjèèjì ti kú. Ní gbogbo àsìkò tó fi ń sọ̀rọ̀, Màmá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n kọjú sí ògiri.

Inú Màmá dùn. N kò lè purọ́ nípa ìyẹn. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á jókòó kọjú sí òkè láti àárọ̀. Wọ́n á máa sọ ohun tí wọ́n ń gbọ́ fún wa. Ó ń rìn. Ó dúró. Ó ń mu omi. Òkúta kan yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó já bọ́, ó pẹ́ kó tó balẹ̀. Ohùn wọn tó ti ń parẹ́ padà wá, mo tún ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri. Ohun kan ṣoṣo tí kò bá mi lára mu ni pé nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ ọ, àdúgbò a máa pa rọ́rọ́. Adìẹ kì í ké. Àwọn bíríkìlà tó ń mọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á dáwọ́ dúró, wọn á máa wo ara wọn, wọn kò mọ ìdí.

Hàlímàt ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Ó wọlé tọ̀ mí wá, ó ti ilẹ̀kùn.

“Àǹtí Dayọ̀, láti ọjọ́ tí mo ti ya etí yẹn ni.”

Mo ní kó má so ohun tí kò tan mọ́ra pọ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n lọ jókòó ti ìyá òun, kí n sáà máa wò wọ́n.

Mo lọ jókòó. Màmá ń sọ fún mi pé ó ti kúrò lórí òkúta, inú koríko gbígbẹ ló wà báyìí. Àárín ọ̀rọ̀ ni wọ́n wà tí ẹnu wọn fi dúró. Ojú wọn ṣú. Wọ́n fi ìka ro etí ọ̀tún, wọ́n fi ro ti òsì.

“Ó ti dákẹ́,” ni wọ́n wí. Omi bọ́ lójú wọn.

Kò pẹ́, wọ́n gbé orí sókè. Ẹ̀rín padà sí wọn lẹ́nu. Nínú ilé, Hàlímàt pe orúkọ mi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní òun mú etí náà kúrò lórí àwòrán, òun sì dá a padà. Ògiri wà láàárín òun àti ìyá rẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Wọn kò lè rí i.

A jókòó síbẹ̀. Ẹ̀dá náà wà lójú kọ̀ǹpútà níwájú wa, etí Màmá wà lórí rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi pa á rẹ́ pátápátá. Ó bi mí bóyá mo rí ojú wọn nígbà tó dákẹ́. Mo ní mo rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dá náà kò dúró sójú kan. Lẹ́yìn koríko, Màmá ní ó ti bọ́ sínú odò, omi náà sì jìn. Lẹ́yìn odò, iyanrìn. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́rú kan, wọ́n ní orí ọ̀dà títì ló wà. Wọ́n fi ọwọ́ lu ilẹ̀ kí n lè mọ bí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí. Ó lọ́ra. Ó wúwo. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró, bí ẹni tó ń tẹ́tí.

Lọ́jọ́ yẹn, Hàlímàt gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá wọn. Ó fi àwòrán hàn wọ́n. Ó fi ọwọ́ ṣàlàyé: èyí lẹ̀ ń gbọ́, èmi ni mo yà á, ó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n pa á rẹ́. Màmá wo àwòrán náà pẹ́. Wọ́n na ìka, wọ́n fọwọ́ kan etí tó wà níbẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan tiwọn.

“Má pa á rẹ́.”

Hàlímàt tún ṣe ọwọ́: ó ń bọ̀.

“Mo mọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ ni mo ń gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, n kò gbọ́ yín.”

Hàlímàt gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọlé. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ lẹ́yìn ògiri.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló dé. Àwọn bíríkìlà ti lọ kírun. Èmi wà nílé nítorí ara mi kò yá. Mo gbọ́ ohùn Màmá láti ìta.

“Ó ti gun símẹ́ńtì.”

Erùpẹ̀ ni gbogbo ìta àdúgbò wa. Kò síbi tí símẹ́ńtì wà àfi fàráńdà wa. Mo jáde. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Oòrùn ràn, ẹní wà nílẹ̀, Màmá jókòó lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rìn, n kò gbọ́ ẹsẹ̀ ara mi. Aṣọ tí mo sá sórí okùn ń jà nínú afẹ́fẹ́, n kò gbọ́ ọ. Mo la ẹnu, mo pe Hàlímàt. Ọ̀fun mi gbọ̀n, mo mọ̀ pé mo pè é. N kò gbọ́ orúkọ náà.

Ó ti ń ṣe é kí n tó pè é. Mo rí i lójú fèrèsé. Ó pa etí rẹ́. Ó pa orí rẹ́. Ó pa gbogbo àwòrán náà rẹ́, àti èyí àtijọ́ àti èyí tó tún yà, títí ojú kọ̀ǹpútà fi funfun báláú. Ìró padà sí etí mi lẹ́ẹ̀kan náà: afẹ́fẹ́, aṣọ, èémí ara mi.

Mo yíjú sí Màmá. Mo rò pé ẹkún ni mo máa bá. Wọn kò sunkún. Wọ́n sún lórí ẹní, wọ́n fi ọwọ́ gbá eruku kúrò ní apá kan rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń wá àyè fún àlejò. Wọ́n ń wo ojú àyè náà.

“Òkun o,” ni wọ́n wí, bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn lédè Oworo.

Ohùn wọn rọlẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, n kò gbọ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ rí.

Hàlímàt ti jáde. Ó kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó fọwọ́ bi wọ́n: kí ló sọ?

“Kò sọ nǹkan kan,” ni Màmá wí. “Gbígbọ́ ló ń gbọ́.”

Hàlímàt kọ̀wé sí àwọn tó gbéṣẹ́ fún un pé òun kò lè ṣe é mọ́. Wọn kò bínú. Ó ṣì ń yàwòrán fún géèmù. Ilé ló ń yà, àti igi, àti ọkọ̀ tó ń fò láàárín ìràwọ̀. Kì í gba iṣẹ́ ẹ̀dá mọ́. Mo ní kí wọ́n kúrò nílé náà. Ó ní ìyá òun ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kí lòun tún ń wá. Ó ní tí òun bá fẹ́ gba fàráńdà kọjá, òun á rọra yípo apá ẹní tó ṣófo náà.

Èmi kó lọ sí àdúgbò Adankolo kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé nítorí kí n lè súnmọ́ ibi iṣẹ́ ni.

Nígbà Iléyá, mo padà lọ kí wọn. Hàlímàt wà ní ìdí ẹran tó ń dín. Màmá wà lórí ẹní. Ara wọn dán. Wọ́n na ọwọ́ sí mi, wọ́n fi apá tí mo lè jókòó sí hàn mí, mo sì jókòó síbẹ̀. Wọ́n fà mí mọ́ra. Wọ́n gbé ẹnu sún mọ́ etí mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe èdè Oworo. Yorùbá Òṣogbo ni, bí èmi ṣe ń sọ ọ́. Àdúrà ni. Àdúrà tí mo gbà lórí ìkúnlẹ̀ nínú yàrá mi ní Adankolo láàárọ̀ ọjọ́ náà ni, lórí ọ̀rọ̀ kan tí n kò tíì sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan. Ilẹ̀kùn mi wà ní títì nígbà tí mo gbà á. Wọ́n sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ibi tí mo ti dánu dúró, wọ́n dánu dúró. Ibi tí ohùn mi ti há, tiwọn náà há. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n gbá mi léjìká pẹ̀lẹ́, bí ìyá ṣe ń ṣe fún ọmọ tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́.

N kò bi wọ́n pé ta ló sọ fún wọn. Mo jẹ ẹran tí Hàlímàt gbé wá, mo dúpẹ́, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

Mo ṣì ń gbàdúrà. N kì í la ẹnu mọ́.