Bánà Ojú Muslimah

Ẹ̀yin náà ti fura: Gbọ́láhàn ò ṣàdédé gba iṣẹ́ ìkówójọ. Ó fẹ́ kí wọ́n máa dárúkọ òun ni. Àmọ́ ẹ má tíì bínú sí i. Owó náà pé, kò sì fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Kókó ló yọ sí ìpénpéjú Muslimah, ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní Bódìjà. Kókó náà ń tẹ ẹyin ojú rẹ̀ débi pé ohun tí olùkọ́ bá kọ sójú pátákó ń di méjì mọ́ ọn lójú, ìdánwò WAEC sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Dókítà ojú kan ní Ring Road ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni. Ìyá rẹ̀, tó ń ránṣọ l'Ágbowó, ni ò lówó ẹ̀, ni àwọn ọmọ ilé ìwé bá ń dáwó, Gbọ́láhàn ló sì ń gbà á.

"Ṣé owó ti pé?" Muslimah bi í. "Màmá mi ní kí n bi ọ́."

"Fọkàn balẹ̀ jàre. Bánà ló kù, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní Dùgbẹ̀. Gbangba la ti máa fún ọ."

"Ojú ń dùn mí, Gbọ́láhàn."

"Ṣé o ò fẹ́ kó dùn ún wò ni?"

Bánà dé, orúkọ Gbọ́láhàn kéré jù lára rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kó wá ya fọ́tò ayẹyẹ náà ní òun ò ráyè. Ó sún ọjọ́ síwájú. Ìsinmi àárín táàmù dé, ó kọjá.

Níkẹyìn, gbogbo ilé ìwé tò sórí pápá. Gbọ́láhàn ti gẹrun, ó gbá máíkì mú, ó fa Muslimah síwájú.

"Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ wo ojú yìí! Ẹ wo ìyà tó ń jẹ ọmọ yìí!"

Muslimah gbójú sókè. Ìpénpéjú rẹ̀ ń dán, kò sí kókó kankan níbẹ̀.

"Ìyà dà?" ọmọ kan pariwo láti ẹ̀yìn. "Ojú tìẹ ni kí wọ́n lọ bá ọ wò!"

Pápá bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá mi ti ta maṣíìnì ìránṣọ wọn," Muslimah sọ jẹ́jẹ́. "Nígbà ìsinmi ni dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún mi."

Máíkì gbé e dé etí gbogbo wọn. Ẹ̀rín tán.

Ìyáàfin Ọ̀ṣuntókun, ọ̀gá àgbà, gba máíkì náà. "Gbọ́láhàn, ìgbà wo lo wo ojú ọmọ yìí kẹ́yìn?"

Gbọ́láhàn ò mọ ibi tó máa gbé ojú tirẹ̀ sí. Wọ́n kó owó náà fún ìyá Muslimah, ṣùgbọ́n ẹni tó ra maṣíìnì ti gbé e lọ sí Mọ́níyà. Ìrànlọ́wọ́ tó bá ń dúró de èrò ìwòran, ẹni tó ń ṣe é ló ń ràn lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti ìsinmi náà wọlé padà, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni Gbọ́láhàn àti Muslimah jọ ń jókòó.